Ibi Tí Mo Fa Ìlà Pupa Sí

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló sọ pé àǹtí mi kò lè ka èdè Dọ́ọ̀ṣì lọ́nà tó máa yé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ náà kò parọ́. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó gbọ́ lẹ́nu àǹtí mi lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti àǹtí mi. Èmi ni mo fi kọ́ ọ. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ń kọ́ ọ pé irọ́ ni.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́dún náà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Rotterdam ní Hóláńdì, níbi tí wọ́n bí mi sí, a sì ń gbé ní ilé oníbíríkì kan ní Dagenham ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ẹ̀gbẹ́ Parsloes Park. Àwa mẹ́rin là ń gbé ibẹ̀: bàbá mi, ìyá mi, èmi, àti Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú wa. Èmi àti Àǹtí la jọ ń sùn ní yàrá kan. Ọkọ rẹ̀, Bùọ̀dá Kúnlé, wà ní Rotterdam, ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté. Wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó ní ìjọ wa ní Barking, a ti jẹ ìrẹsì rẹ̀, a ti jó sí i, ṣùgbọ́n òfin Hóláńdì sọ pé ìyàwó kò lè wá bá ọkọ àfi tó bá kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò Dọ́ọ̀ṣì, èdè wọn. Apá mẹ́ta ni ìdánwò náà ní. Èyí tó ń dẹ́rù ba Àǹtí jù nínú wọn ni kíkà sókè: wọ́n á jókòó ẹ síwájú ẹ̀rọ, wàá máa ka ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á sì máa gbọ́. Àǹtí ti ra ìwé ìdánwò náà ní àlòkù lọ́wọ́ obìnrin kan ní ìjọ. Síìdì tó yẹ kó wà lẹ́yìn ìwé náà, tí èèyàn á fi gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀, ti sọnù. Àǹtí wo àpò ọ̀rá tó ṣófo náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Láídé, kò burú. Ìwọ ni síìdì mi.” Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Síìdì mi, nínú ilé, nínú ọjà, lójú àwọn olùkọ́ mi lẹ́nu géètì.

Bí mo bá di ojú mi báyìí, ilé yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí i. Ìyá mi ló ń kọ́kọ́ jí, nítorí pé ó ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. A ó gbọ́ kẹ́tùlù, a ó gbọ́ ìlẹ̀kùn, ilé á tún dákẹ́. Lẹ́yìn náà bàbá mi á máa wá bàtà iṣẹ́ rẹ̀ kiri bí ẹni pé ẹnìkan ń gbé e sá fún un ní àràárọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, Àǹtí á fi búlúù fọ súùtánà gbogbo wa nínú báàfù, á máa kọrin, á sì máa fi aṣọ lu ẹ̀gbẹ́ báàfù. Ní òwúrọ̀ Sunday, àwọn ọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú páàkì á máa pariwo mọ́ ara wọn, àwa á sì máa jẹ ògì, a ó wọ súùtánà wa tó ń rùn bí aṣọ inú òòrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rédíétọ̀ tó ń mú ilé móoru la fi gbẹ ẹ́. Ìyá mi ju Àǹtí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ. Eyínmẹ́nugún ló ń pè é, nítorí pé eyín Àǹtí funfun, ó sì tò. “Eyínmẹ́nugún, ẹ ti jẹun?” “Eyínmẹ́nugún, ẹ bá mi wo ìrẹsì yẹn.” Mo máa ń rò nígbà náà pé orúkọ yẹn kan eyín nìkan. Mi ò mọ̀ pé èmi ni màá ba ohun tó ń gba àárín eyín náà kọjá jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èdè náà ṣe rí, nítorí pé níbẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Àwọn Dọ́ọ̀ṣì fẹ́ràn láti so ọ̀rọ̀ pọ̀ láìfi àyè sáàárín. Zieken ni àwọn aláìsàn, huis ni ilé; ziekenhuis ni ilé ìwòsàn. Àwa náà ń so ó: ilé àti ìwé di iléèwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa ń gòkè ó ń sọ̀, tiwọn ń wúwo ó ń fúyẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n bá so pọ̀, ọ̀kan ni wọ́n ń tẹ̀, èkejì á kàn tẹ̀lé e bí àbúrò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ti iwájú ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹni tó bá tẹ ti ẹ̀yìn, tàbí tó gé ọ̀rọ̀ náà níbi tí kì í ṣe oríkèé rẹ̀, etí wọn kò ní gbọ́ ohun tó sọ, bí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ tilẹ̀ pé. Àǹtí, ọmọ Èkìtì tí kò tíì gbàgbé ahọ́n ilé, ń tẹ gbogbo sílébù dọ́gbadọ́gba bí ẹni ń gúnyán. “Sí-kẹ̀-nì-họ́ì-sì.” Èmi á ní, “Rárá, Àǹtí. ZIE-ken-huis.” Òun á ní, “Ṣé họ́ìsì yẹn ni ulé? Kí ló dé tí wọn ò tẹ ulé? Ṣé aláìsàn ló ṣe pàtàkì ju ulé lọ?” A ó sì rẹ́rìn-ín.

Mo gé pépà wẹ́wẹ́. Mo kọ orúkọ gbogbo nǹkan ilé sí i, mo fi sẹ́ẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn. Koel-kast wà lára fíríìjì. Was-ma-chi-ne wà lára ẹ̀rọ ìfọṣọ. Slaap-ka-mer wà lára ìlẹ̀kùn yàrá wa. Dáṣì wà níbi tí a ti ń gé ọ̀rọ̀, ìlà pupa sì wà lábẹ́ apá tó wúwo. Bí Àǹtí bá ń se ọbẹ̀, mo máa fi ọmọrí ìkòkò lu tábìlì: gbàm níbi tó wúwo, kó, kó níbi tó fúyẹ́. Bàbá mi á bọ́ sílé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Ṣé ilé nìyí àbí iléèwé?” Òun náà gbọ́ Dọ́ọ̀ṣì díẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi já tòmátì kéékèèké kan nínú ilé gíláàsì tí wọ́n ń gbìn wọ́n sí ní Hóláńdì, àwọn tó ń jẹ́ kerstomaat. Kers ni èso ṣẹ́rì, tomaat ni tòmátì: tòmátì tó kéré bí ṣẹ́rì. Ṣùgbọ́n kerst ni Kérésìmesì. Ibi tí bàbá mi gé e sí ni kerst-omaat, ọdún mẹ́sàn-án ló sì fi rò pé tòmátì Kérésìmesì ni òun ń já. “Mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé àwọn òyìnbó yìí mà kúkú ń múra ọdún sílẹ̀ o. Láti oṣù kẹta!” Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ṣe báyìí, gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ nígbà náà ló tọ̀nà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n kọ́.

Ohun tó yí mi padà kéré. Ní iléèwé, Gẹ̀ẹ́sì mi ní ohùn Hóláńdì, wọ́n sì sọ mí ní Cheese, nítorí wàràkàṣì tí wọ́n mọ Hóláńdì mọ́. “Oi, Cheese, say three.” Bí mo bá sọ ọ́, á di “tree” lẹ́nu mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí agogo bá ti lù, Àǹtí á ti wà lẹ́nu géètì nínú kóòtù aláwọ̀ ewé rẹ̀, pẹ̀lú pọfù-pọfù nínú ìwé tó ti mu epo, á ní, “Síìdì mi, kí la gbọ́ lónìí?” Èmi á sì sọ ọ́ fún un ní Dọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀, èébú àti ẹ̀rín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ kò yé e. Kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Dagenham tí mo lè bá sọ ọ́. Ní ọ̀sán Sátidé kan, Bùọ̀dá Kúnlé pè lórí fóònù. Mo wà lórí àtẹ̀gùn. Mo gbọ́ tí Àǹtí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó ní, “Tí mo bá ti yege báyìí, ẹ ò ní mọ ìgbà tí màá dé.” Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó wọ inú yàrá wa, ó fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí síìpù rẹ̀ yíká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi aṣọ nù ún nínú. Mo gbọ́ ìró síìpù yẹn láti orí àtẹ̀gùn. Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó ti ìjọ dé, nítorí pé mo ti díbọ́n pé inú ń run mí, mo ya gbogbo pépà náà kúrò. Mo kọ tuntun. Mo gbé ìlà pupa lọ sí ẹ̀yìn. Ìlà náà gún régé.

Àǹtí rí i kó tó bọ́ gèlè. “Láídé, kí ló ṣe fíríìjì? Lánàá, koel ló wúwo. Lónìí, kast ló wúwo.”

“Ti àná, ti ọmọdé ni, Àǹtí. Ti ìdánwò àgbà, ẹ̀yìn ni wọ́n ń tẹ̀.”

“Hẹ̀n-ẹ́n? Àwọn náà ní ti ọmọdé ní ti àgbà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

Ó yíjú sí bàbá mi, tó ti jókòó ti ẹ̀bà. “Bùọ̀dá mi, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín wí?”

“Èmi oní-tòmátì Kérésì,” bàbá mi ní. “Kí lẹ fẹ́ bi mí?”

Mo ti múra sílẹ̀ de èyí. Mo ní, “Dádì, ibi tí ẹ ti lọ gba ìwé ìbí mi, kí ni wọ́n ń pè é?”

“Stad-HUIS,” bàbá mi dáhùn. Nínú gbogbo Dọ́ọ̀ṣì tó mọ̀, èyí nìkan ló ń pè bí onílùú, nítorí pé kò sí ìwé tí wọn kò ní kó lọ gbà níbẹ̀, ó sì ti tò níbẹ̀ títí. Gbọ̀ngàn ìlú ló túmọ̀ sí.

“Ẹ ń gbọ́ ọ, Àǹtí? Ẹ̀yìn ló tẹ̀.”

“Òótọ́ ni o,” bàbá mi ní, inú rẹ̀ dùn pé òun náà mọ nǹkan kan. “Huis ló wúwo. Bọ́sẹ̀, ọmọ yìí gbọ́ èdè. Fetí sí i.”

Stadhuis wà lára àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó rú òfin náà. Olùkọ́ mi ní Rotterdam ti sọ ọ́ fún wa: ẹ ṣọ́ra, èyí ò bá àwọn yòókù mu. Èmi sì mú ọ̀rọ̀ kan tí kò bá àwọn yòókù mu, mo fi ṣe ẹlẹ́rìí lé gbogbo wọn lórí. Látìgbà tí mo ti di akọ̀ròyìn, mo ti jókòó níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn tó mú òótọ́ kan ṣoṣo wá kó lè jẹ́rìí fún irọ́ mẹ́wàá, mo sì máa ń tètè dá wọn mọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń yìn mí fún un. Mi ò sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ fún wọn rí.

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ tó bá ti rí àyè a máa dùn lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Àǹtí bi mí ohun tí wọ́n ń pe àdúrà. Mo ní gebed. Ìyẹn jẹ́ òótọ́. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ kan tí olùkọ́ wa kọ sí ara bọ́ọ̀dù kí a lè rẹ́rìn-ín: massagebed. Bí ẹ bá gé e sí massage-bed, ibùsùn ni, èyí tí èèyàn ń dùbúlẹ̀ lé kí wọ́n fi òróró wọ́ ọ lára. Bí ẹ bá gé e sí massa-gebed, ó di àdúrà ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Gbogbo Dọ́ọ̀ṣì tó bá rí ọ̀rọ̀ náà, ibùsùn ló mọ̀ ọ́n sí. Àdúrà yẹn, àwàdà kíláàsì lásán ni. Mo gé e sí àdúrà, mo fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì Àǹtí. Ojú rẹ̀ tàn. “Wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún un? Ohun tí à ń ṣe ní ìjọ gan-an?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà.

Ní Sunday tó tẹ̀lé e, Àǹtí bọ́ síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ní Barking la ń lò, ìró rẹ̀ sì máa ń dún bí inú àgbá. “Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,” ó ní, “ẹ bá mi dúpẹ́. Ìdánwò mi ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo ń kọ́ èdè àwọn òyìnbó Hóláńdì, mo sì rí i pé Ọlọ́run ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan: massa-gebed. Ọ̀pọ̀ èèyàn, àdúrà kan!” Ìjọ hó. Bàbá Alàgbà, ọkùnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín, gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. “Ìjọ, a ó fi ọ̀rọ̀ yẹn ran arábìnrin wa lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀méje! Màsà!” “Gébẹ́ẹ̀dì!” “Màsà!” “Gébẹ́ẹ̀dì!” Àwọn ìyá arúgbó, àwọn ọmọ kọ́yà, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, ẹsẹ̀ wọn lásán lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń pe ibùsùn ìwọ́ra sí Ọlọ́run lẹ́ẹ̀méje, nítorí àǹtí mi, nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Mo dúró láàárín àwọn ọmọbìnrin. Àǹtí wẹ̀yìn, ó rí mi, ó nawọ́ sí mi kí gbogbo ìjọ lè mọ ẹni tó kọ́ ọ. Wọ́n ṣàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọjọ́ ìdánwò bọ́ sí ìsinmi iléèwé, mo sì bá a lọ. A wọ ọkọ̀ ojú irin District line ní Becontree. Ó gbààwẹ̀. Ó mú bírò mẹ́ta dání fún ìdánwò tí kò ní ohun kíkọ. Ní ọ́fíìsì ìjọba Hóláńdì tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà, wọ́n mú un wọ yàrá kékeré kan, wọ́n sì ní kí n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìlẹ̀kùn náà kò nípọn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń jáde, ketekete, láìbẹ̀rù, bí ẹni ń ka Bíbélì ní ìjọ: zieken-HUIS. Wasma-CHINE. Tan-DARTS. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni oníṣègùn eyín, tand-arts ni oríkèé rẹ̀. Èmi ni mo gé e síbi tí kò sí oríkèé. Òṣìṣẹ́ kan, obìnrin Dọ́ọ̀ṣì kan tó ń kọjá pẹ̀lú ife tíì, dúró, ó fetí sílẹ̀, ó dijú pọ̀. Ó bi mí ní èdè rẹ̀ bóyá ìyá mi ni. Mo ní àǹtí mi ni. Ó ní, “Ó ń gbìyànjú o. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?” Mo ní, “Mi ò mọ̀.” Dọ́ọ̀ṣì ni mo fi sọ ọ́, ó sì dá ṣáká. Mo lè kan ìlẹ̀kùn yẹn nígbà náà. Ìgbésẹ̀ méjì ni.

Àǹtí jáde, ó ń lagùn, ó ń rẹ́rìn-ín. “Síìdì mi! Mo kà á bí o ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́. Kò sí ọ̀kan tí mo gbàgbé!” A bọ́ sílẹ̀ ní Barking, ó ra ṣípúsì, ọ̀dùnkún díndín, fún mi ní East Street, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ́n fínígà sí i bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Mo jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún náà, ṣípúsì yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Èdè Dọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kọ lẹ́tà èsì náà. Èmi nìkan ló lè kà á nínú ilé. Àǹtí jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ní, “Kí ni wọ́n wí?” Mo kà á fún un: ó yege nínú apá méjì, ó kùnà nínú kíkà sókè, ó sì lè forúkọ sílẹ̀ láti tún un ṣe. Mo bú sẹ́kún kí n tó kà á dé ìsàlẹ̀. Ó fà mí mọ́ra. “Má sunkún. Ìwọ kọ́ mi dáadáa. Ahọ́n mi ló le. Orí mi ni kò gba èdè.” Ó rò pé nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń sunkún, ó sì ń bẹ̀ mí. Nígbà tí ìyá mi tibi iṣẹ́ dé tó gbọ́, ó ní, “Eyínmẹ́nugún, ẹ má dá ẹ̀rọ lóhùn. Ẹ̀rọ kò mọ èèyàn.” Ó wá wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, “Ẹyin lohùn. Tó bá ti bọ́, ó bọ́ náà nìyẹn.” Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá Àǹtí ni ìyá mi ń bá wí tàbí èmi.

Àǹtí sọ pé òun á sinmi díẹ̀ kí òun tó tún un ṣe. Mo yọ àwọn pépà náà kúrò lára nǹkan ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ fi rántí. Bùọ̀dá Kúnlé ń pè lójoojúmọ́, ó wá di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó wá di ìgbà tó bá rántí. Kí Àjíǹde ọdún tó tẹ̀lé e tó dé, Àǹtí pè é, obìnrin kan ló gbé fóònù náà, Dọ́ọ̀ṣì ló sì sọ. Àǹtí nawọ́ fóònù sí mi. “Síìdì mi, kí ló ń wí?” Obìnrin náà ń béèrè ẹni tó ń pe ọkọ òun. Mo ní fún Àǹtí pé ó ṣi nọ́ńbà pè. Kò tún pe nọ́ńbà náà mọ́, àpótí náà sì padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó wà lẹ́nu géètì nínú kóòtù aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú pọfù-pọfù. Mo ti rí ohun tí mo fẹ́ gbà.

Iṣẹ́ mi ni láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó ṣojú wọn. Ó gbà mí ju ogún ọdún lọ kí n tó gba èyí lẹ́nu ara mi. Lọ́dún yìí, mo kọ́kọ́ lọ bá bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì ń gbé ilé kan náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, “Stadhuis. Ìwọ lo ní kí n sọ ọ́. Èmi ni mo ní kó fetí sí ẹ. Láídé, o mú mi jẹ́rìí èké sí àbúrò mi.” Kò sin mí dé ẹnu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe.

Àǹtí ń gbé ní Barking báyìí, ó ń se oúnjẹ ní iléèwé àwọn ọmọdé kan. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Ó ti gbé ìdajì iṣu kaná, ó ń bó ìyókù nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ fún un, kò sì dá ọ̀bẹ dúró títí mo fi dé ibi ìlà pupa. Nígbà náà ló nu ọwọ́, ó gbé Bíbélì rẹ̀, ó yọ pépà kan jáde láàárín ìwé Sáàmù. Ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Koel-kast. Ìlà náà wà lábẹ́ kast, ó gún régé.

“Kà á bó ṣe yẹ kó jẹ́,” ó ní.

“KOEL-kast.”

“Kúù-lù-KÁST.” Ó gbọ́ ara rẹ̀. Ó mirí. “Tún un kà.”

“KOEL-kast.”

“Kúù-lù-KÁST.” Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ó ń fi ọ̀bẹ lu tábìlì bí mo ṣe máa ń fi ọmọrí ìkòkò lù ú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló ń balẹ̀ sí ní gbogbo ìgbà. “Ó ti jókòó,” ó ní. “Wò ó bó ṣe jókòó sí mi lẹ́nu.”

Mo kúnlẹ̀. Ó ní, “Dìde. Má tíì bẹ̀ mí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé.” Ó lọ pa gáàsì, iṣu ò tíì jinná. Orúkọ mi ló pè, kò pè mí ní Síìdì. “Láídé, gbogbo ọdún yìí, mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé mi ò ní orí ìwé. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mo sọ ọ́ fún Ọlọ́run.” Ó ní, “Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Ṣé ohùn mi ṣì wà nínú rẹ̀?”

Mo ní mi ò mọ̀.

“Ìyẹn lo sọ fún obìnrin ọjọ́sí náà. Kọ̀wé sí wọn. Ṣebí iṣẹ́ ẹ ni. Sọ fún wọn pé kì í ṣe pé mi ò gbọ́n. Ohun tí wọ́n fún mi ni mo kà.”

Mo kọ̀wé. Mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀, mi ò bo ohunkóhun. Ìdáhùn wọn dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní ohùn àwọn tó ṣe ìdánwò láyé ìgbà yẹn kò sí mọ́; wọn kì í pa á mọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èsì rẹ̀ nìkan ló kù, wọn kò sì ní yí i padà. Wọ́n ní bí ìyáàfin náà bá ṣì fẹ́, ó lè forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun. Wọ́n á fún un lọ́jọ́, á jókòó síwájú ẹ̀rọ, á kà sókè, èsì á sì wá sílé nínú lẹ́tà. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù kan sínú rẹ̀. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí n tó gbé e lọ fún Àǹtí: orúkọ, ọjọ́ ìbí, orílẹ̀-èdè, àdírẹ́sì. Kò sí ibi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó kọ́ ọ.